Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Mi Ò Níbi Í Lọ

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. A jọ ń bọ̀ láti ọjà Bódìjà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun ru apẹ̀rẹ̀ tòmátò, èmi gbé ọ̀rá èlùbọ́ dání. Nígbà tó fi máa wo ẹ̀yìn, mo ti jìnnà sí i tó òpó iná mẹ́ta. Ó dúró dè mí. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Túnmiṣe, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"

Mo ní rárá.

"Kí ló wá dé tí ẹ ń rìn bí ẹni tó ń tẹ̀ lé òkú?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń rọra rìn. Mo kàn mọ̀ pé mo ti dúró ka pósítà ìkéde òkú méjì lára ògiri, mo ti wo àwọn tó ń tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan títí wọ́n fi tú u tán, mo sì ti bá ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ òjò. Ọdún 2010 ni. Oṣù keje rèé tí wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà nígbà yẹn á rántí. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì da 420 bílíọ̀nù náírà sínú àwọn báńkì náà kí wọ́n má baà wó. Àwọn ọ̀gá yẹn ló gba ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn. Àwa tó wà lẹ́yìn káńtà, lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ní báńkì kọ̀ọ̀kan, lóṣù kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mi ò ní dárúkọ báńkì tèmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Ojú ewé kan péré ni lẹ́tà náà, wọ́n sì ṣi orúkọ mi kọ.

N ò ní parọ́ fún yín, owó dùn mí. Owó ilé ìwé ọmọ méjì kì í ṣe ohun téèyàn ń fi àdúrà nìkan san. Ṣùgbọ́n ohun tó bá mi lójijì kì í ṣe àìlówó, torí ojú ti ń wo ìyẹn bọ̀. Àárọ̀ ni. Màá jí láago márùn-ún bí mo ṣe máa ń jí, màá wẹ̀, màá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀, màá wá jókòó sí pálọ̀, màá sì rí i pé kò sẹ́nì kankan ní gbogbo ìlú Ìbàdàn tó máa sọ pé "Ibo ló wà?" bí mo bá jókòó síbẹ̀ di alẹ́. Aago ọwọ́ mi dákẹ́ lóṣù kẹta. Mi ò fi bátìrì tuntun sí i.

Mo wá di ọmọ bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ bàbá fọkanáísà tó wà ní ìkóríta àdúgbò wa. Bàbá ò lé mi. Wọn ò sì bi mí ní nǹkan kan, ìyẹn sì ni ìṣeun tó ga jù tí ẹnikẹ́ni ṣe fún mi lọ́dún yẹn. Wọ́n á kàn ní, "Ẹ kú ìjókòó," wọ́n á máa fi omi ọṣẹ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń jò lára táyà.

Àwọn tó fẹ́ràn mi ò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan sanwó fún mi láti lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nípa bí èèyàn ṣe lè mọ ìdí tó fi wá sáyé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀. Olùbánisọ̀rọ̀ wọ kóòtù, ó ń fò sókè, ó ní Ọlọ́run ti fi nǹkan kan ṣoṣo pamọ́ sínú kálukú wa, pé ẹni tí kò bá rí i kó tó kú ti fi ayé rẹ̀ ṣòfò. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù. Ìlà kan ṣoṣo ló wà fún èsì: kí ni o wá ṣe láyé? Màmá tó jókòó tì mí kọ "láti jẹ́ ìbùkún," ó pa bírò dé, ó ń wojú àwọn tó ń gbé ìrẹsì bọ̀. Èmi wo ìlà yẹn títí. Mo kọ "Mi ò mọ̀." Nígbà tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù padà, mo fi ọwọ́ bo tèmi.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo ka ìtàn abúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ti dúró lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn ní Bódìjà, tó ń wò mí. Marienthal lorúkọ abúlé náà, kò jìnnà sí Vienna, olú ìlú orílẹ̀-èdè Austria. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ló ń bọ́ gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé láàárín 1929 sí 1930, ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn, ó sì kù díẹ̀ kí gbogbo abúlé náà di aláìníṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. (Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Kàdúná á mọ ohun tí mò ń sọ.) Àwọn onímọ̀ kan láti Vienna, Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ síbẹ̀ láti wo ohun tí àìríṣẹ́ṣe ń fi ojú ọmọ èèyàn rí. Lọ́dún 1933, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde.

Èèyàn á rò pé ẹni tí kò níṣẹ́ á fi àyè tó ní kàwé. Ilé ìkàwé wà lábúlé náà, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ìwé tí wọ́n ń yá níbẹ̀ ńṣe ló ń dín kù. Àwọn onímọ̀ náà fi ara pamọ́ sójú fèrèsé, wọ́n ń ka àwọn tó ń kọjá lójú títì. Àwọn ọkùnrin ń rìn díẹ̀ wọ́n ń dúró, wọ́n ń rìn díẹ̀ wọ́n ń dúró. Nínú 100 ọkùnrin tí wọ́n wò, 88 ni kò wọ aago. Ibi tí mo ka ìyẹn dé nìyí tí mo gbé fóònù sílẹ̀, tí mo wo ọrùn ọwọ́ mi.

Ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn obìnrin ló wá ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, owó bọ́ lọ́wọ́ àwọn náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yára rìn ju ọkùnrin lọ lójú títì kan náà, wọn kì í sì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ń bẹ nílẹ̀ tí wọ́n máa lẹ̀, ọmọ ń bọ̀ láti ilé ìwé, ìkòkò ń bẹ lórí iná. Owó ni kò sí mọ́ fún wọn, iṣẹ́ wà. Mo rántí ìyàwó mi níwájú mi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátò. Ọwọ́ kan náà ni ìyà bà wá lọ́dún yẹn, inú ilé kan náà. Àmọ́ ọmọ méjì, ìyá àgbà kan tí ojú ń dùn àti ìsọ̀ kékeré kan ń dúró dè é láràárọ̀. Kò ráyè bi ara rẹ̀ pé kí lòun wá ṣe láyé. Ẹ má rò pé mò ń yìn ín lásán o. Ó rẹ̀ ẹ́ gan-an lọ́dún yẹn, àwọn ìgbà míì wà tí ìbínú rẹ̀ máa ń tọ́ sí mi.

Tiransifọ́mà ló yọ mí.

Òjò ńlá kan rọ̀ lóru, ẹ̀rọ náà bú gbàù, àdúgbò ṣókùnkùn. Àwọn oníná ní tuntun á gba ọdún méjì bóyá mẹ́ta, àfi bí àwa fúnra wa bá rà á. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù pèpàdé. Ayálégbé ni mí, ẹ̀yìn ni mo dúró sí. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ẹni tó máa gba owó, ariwo ta, torí ìgbà kan ti wà tí wọ́n dáwó kòtò omi, owó náà sì bá omi lọ. Alága, Alhaji kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bá na ìka sí mi láàárín èrò: "Bàǹkà, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́." Kò sówó nídìí ẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé mo fẹ́ rin ìrìn àjò kan. Irọ́ náà ò jáde.

Mo ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, nọ́ńbà ilé, iye tó yẹ, iye tó san, iye tó kù, ìbuwọ́lùwé. Bírò búlúù fún owó tó wọlé, pupa fún gbèsè. Ilé mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn mi láago mẹ́fà àárọ̀. Ìyá alákàrà mú ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà wá, owó tí epo ti mu débi pé mo ní láti sá a sórí tábìlì, wọn ò sì lọ àfìgbà tí mo fún wọn ní rìsíìtì tí mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí wọn létí. Ọkùnrin kan fi Kùránì búra pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún lòun san. Mo ṣí ìwé, mo fi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ó wò ó títí, ó ní, "Ha. Ìyàwó mi ló fún ní ẹgbẹ̀rún méjì tó kù." Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìyàwó fi mú un wá, tojú-tojú.

Ẹnì kan ní òun á gbé owó wá láago méje géérégé kóun tó wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo lọ fi bátìrì sí aago mi.

Vienna náà ni mo tún máa padà sí. Láwọn ọdún tí Marienthal ń jìyà yẹn, dókítà ọ̀dọ́ kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Viktor Frankl. Wọ́n bí i ní 1905, àìsàn ọkàn àti ọpọlọ ló ń tọ́jú. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ń wá bá a, ayé ti sú wọn. Ó ṣàkíyèsí pé wọ́n ti so ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan: mi ò níṣẹ́, torí náà mi ò wúlò, torí náà ayé mi ò nítumọ̀. Kò bá wọn wá iṣẹ́, kò sí iṣẹ́ nílùú. Ńṣe ló ní kí wọ́n lọ máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, nílé ìkàwé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́. Ìbànújẹ́ náà fò lọ. Ebi ò lọ o. Ebi yẹn náà ló ṣì ń pa wọ́n. Bí mo ṣe kà á, inú bí mi díẹ̀ pé ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, tí mo wá lọ sanwó fọ́ọ̀mù onílà kan.

Ohun tí ayé mọ Frankl mọ́ kì í ṣe ìyẹn. Júù ni. Lọ́dún 1942, ìjọba Hitler kó òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn òbí rẹ̀ lọ sí Theresienstadt, ọ̀kan lára àwọn àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn Júù sí. Ní 1944 wọ́n gbé e lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa èèyàn. Ó yè é, ó sì kọ̀wé lé e lórí ní 1946. Nínú ìwé náà, ó sọ ti ọkùnrin méjì tó fẹ́ pa ara wọn lágọ̀ọ́, tí àwọn méjèèjì ní àwọn ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ ayé mọ́. Ó bi wọ́n bóyá nǹkan kan wà tó ń retí wọn. Ọ̀kan ní ọmọ nílẹ̀ òkèèrè. Ìkejì jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé kan, kò sì sẹ́lòmíì tó lè bá a parí ẹ̀. Ọmọ yẹn ò lè fi bàbá míì rọ́pò, ìwé yẹn ò lè fi ọwọ́ míì parí. Ẹ wo bó ṣe yí ìbéèrè fọ́ọ̀mù mi po. Kò bi wọ́n pé kí lẹ wá ṣe láyé. Ó ní ta ló ń retí yín.

Àmọ́ mo ti gbọ́ ìtàn yìí lórí pẹpẹ ìwàásù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń lò ó bí àgbo: ẹni tó bá ní ìdí láti wà láàyè, kò ní kú. Irọ́ ni. Bàbá Frankl kú sí Theresienstadt. Wọ́n pa ìyá rẹ̀ ní Auschwitz. Tilly, ìyàwó rẹ̀, kú sí Bergen-Belsen, ọkọ rẹ̀ sì ń bẹ níbòmíì tó ń retí rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn láràárọ̀ bí wọ́n ṣe ń lé e lọ síbi iṣẹ́ nínú òtútù. Frankl fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn tó dára jù láàárín àwọn ò padà wálé. Kí nǹkan máa retí èèyàn kì í ṣe oògùn ikú. Ohun tó ń ṣe kéré sí bẹ́ẹ̀ púpọ̀: ó ń mú ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Oṣù mẹ́jọ ni tiransifọ́mà gbà. Ọjọ́ Sátidé kan ni iná dé, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé pariwo "Up NEPA!" láti òpin àdúgbò dé òpin kejì. Wọ́n ṣe ìpàdé ọpẹ́, wọ́n fún mi ní páálí bisikíìtì kan àti màlútíìnà, Alhaji gbàdúrà fún mi títí ojú fi ń tì mí. Mo jí lọ́jọ́ Ajé láago márùn-ún. Aago mẹ́fà lù. Aago méje lù. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Mo ṣí ìwé owó yẹn, mo tún gbogbo rẹ̀ rò láti òkè, ó pé, kò sí gbèsè kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ti padà sórí bẹ́ǹṣì. Ìyẹn ni wọn kì í sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ó máa ń tán.

Nílé wa, a ní ọ̀rọ̀ tiwa lórí èyí: àkúnlẹ̀yàn, pé a ti yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí, ká tó wáyé. Ìgbà tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹ̀sùn ni mo ṣe ń gbọ́ ọ́, pé orí tí mo yàn ò dáa. Mi ò rántí ìtàn náà dáadáa ni. Oríṣèékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ló jọ lọ yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú wọ ilé, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lójú, òjò sì pa orí amọ̀ náà jẹ lọ́nà. Nígbà tí Afùwàpẹ́ dé ní tiẹ̀, ẹni tó ń sin gbèsè ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Àjàlá ti sá pamọ́ sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Ìgbà yẹn ni Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, tó bá a wá orí rere. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, ibi orí ni mo máa ń gbájú mọ́. Ibi gbèsè yẹn ò jọ mí lójú rí. Ìtàn kejì sì wà nínú Ifá, pé gbogbo orí pàdé pọ̀, wọ́n gbìmọ̀, wọn ò pe ẹsẹ̀ sí i, ohun tí wọ́n gbèrò ò sì yọrí.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun báyìí. Ìyá kan tó ń ta ata ní Bódìjà, tó ń gbé àdúgbò wa, ló bá mi lórí bẹ́ǹṣì: "Ẹ̀yin tẹ́ ò jẹ owó tiransifọ́mà, ẹ ò ṣe máa gba àjọ wa? Èyí tó ń gbà á ti sá lọ." Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ọdún mọ́kànlá ní báńkì, kí n wá gbé báàgì kọ́ apá kiri ọjà? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé e mì. Àwọn mẹ́sàn-án ni mo fi bẹ̀rẹ̀, igba náírà lóòjọ́, káàdì onílé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ lóṣù sì jẹ́ tèmi. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Wọ́n ní orí mi pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó gba àjọ ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀. Mo ní èmi kì í ṣe alájọ Ṣómólú, mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ni, ní bírò méjì.

Mi ò ní sọ fún yín pé torí àjọ ni Ọlọ́run ṣe dá mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí oòrùn máa ń pa mí bí ẹni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín, orúnkún ọ̀tún mi ti ń dún, ìgbà méjì sì ni oníbàárà ti pè mí ní olè lójú èrò, tó tún wá bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì. Bí báńkì bá pè mí lọ́dún 2011, ó ṣeé ṣe kí n sáré lọ. Wọn ò pè.

Lọ́dún tó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọmọdébìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ ọmọ ìyá aláta ni. Ó ní, "Màmá ní kí n wá wò ó bóyá alájọ ti kú ni." Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. Ọmọ náà tú ọ̀rá kékeré kan, káàdì àti owó ló wà nínú ẹ̀, owó náà ń ta sánsán ata. "Wọ́n ní ti ìjẹta, tàná àti tòní ni. Wọ́n ní kẹ́ ẹ sàmì sí i kí n tó kúrò níbí o, Dádì."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tá ọwọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Pupa ni mo kọ́kọ́ bà. Mo jù ú sílẹ̀, mo ń wá búlúù.